Ìṣákọ́lẹ̀ Dọ́là Márùn-ún

Títì kan wà ní apá àríwá ìlú Winnipeg, ní Kánádà, tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Chief Peguis Trail ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wakọ̀ lójú títì yìí láàárọ̀ kùtùkùtù, tí yìnyín ṣì máa ń dán lórí rẹ̀ bí awo, kí n tó bi ara mi léèrè pé ta ló ń jẹ́ Peguis. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n kọ́ wa pé bí ènìyàn bá dé ìlú onílùú, ẹni tó ni ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Èmi ò béèrè. Ó ń dùn mí títí di òní, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló là mí lójú. Níbí, orúkọ ni gbogbo ènìyàn fi ń pe ara wọn. Ọmọ ogún ọdún á na ọwọ́ sí ẹni tó bí ìyá rẹ̀, á pè é lórúkọ gan-an. Ẹnu mi ò gbà á. "Màmá" ni mò ń pè wọ́n, títí wọ́n fi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé nílé tiwọn, "Kookum" ni wọ́n ń pe ìyá àgbà, pé kí n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀ bó bá wù mí. Láti ọjọ́ náà, Kookum ni. Ọmọ Peguis ni wọ́n: ìlú àwọn Ojibway àti Cree, ẹ̀yà méjì nínú àwọn onílẹ̀ Kánádà, tó wà ní nǹkan bí 190 kìlómítà sí àríwá Winnipeg, lẹ́bàá odò Fisher. Orúkọ baba ńlá tí mò ń wakọ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni orúkọ ìlú wọn.

Nígbà ooru kan, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sí The Forks, ibi tí odò Assiniboine ti pàdé Odò Pupa láàárín ìlú. Mo rò pé ọjà la fẹ́ lọ ná. A débẹ̀, àwọn ènìyàn ti tò lọ rẹrẹ: ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, bàbá tó fi ọ̀pá tilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wo fóònù. Lọ́wọ́ iwájú, tábìlì kan wà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan jókòó ti ìwé orúkọ, ọlọ́pàá kan dúró tì í nínú kóòtù pupa, fìlà rẹ̀ gbòòrò bí awo ẹ̀kọ. Ó kan Kookum. Wọ́n mú káàdì wọn jáde, òṣìṣẹ́ náà wá orúkọ wọn rí nínú ìwé, ó fa ìlà sí i, ọlọ́pàá sì ka owó lé wọn lọ́wọ́. Owó tuntun ni, ó ń dún paaku. Dọ́là márùn-ún.

Mo dúró kí wọ́n ka ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Kookum, owó kí lèyí?"

"Owó ilẹ̀ ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń san án fún wa."

Mo ní dọ́là márùn-ún kò lè ra oúnjẹ ọ̀sán kan nínú ìlú yìí. Wọn ò bínú. Wọ́n ká owó náà sí mẹ́rin, wọ́n fi í sínú pọ́ọ̀sì kékeré kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, iye rẹ̀ kọ́ ni mò ń wò. Ẹni tó ń san án ni mò ń wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Lóru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tiwa kan wá sí mi lọ́kàn: ìṣákọ́lẹ̀. Ta ni nínú wa tí a bí sóko tí kò mọ̀ ọ́n? Àlejò wá, ó tọrọ ilẹ̀, onílẹ̀ fún un ní ibi tí yóò dá oko sí. Lọ́dọọdún, àlejò á gbé iṣu díẹ̀, obì, bóyá kèrègbè epo kan, lọ bá onílẹ̀. Kì í ṣe pé iṣu náà tó owó ilẹ̀. Ẹ̀rí ni. Ọjọ́ tí àlejò bá gbé e dé ló tún ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ tí òun ń ro, òun kọ́ ló ni ín. Bí ó bá ti san án fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ọgọ́rùn-ún ìgbà ló ti jẹ́rìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ará Peguis lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń fi ojú ọ̀rọ̀ yìí kà á. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni ó ń bá a mu sí i.

Àwọn Ojibway tí wọ́n wà ní ìhà ibí, Saulteaux ni àwọn Faransé ń pè wọ́n, nítorí pé ẹ̀bá omi tó ń já wálẹ̀ ní Sault Ste. Marie, lọ́hùn-ún ní ìhà àwọn Adágún Ńlá, ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Peguis sí ní nǹkan bí 1774. Ní ìparí ọ̀rúndún yẹn, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣí wá sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n tẹ̀dó sí odò Netley, níbi tí Odò Pupa ti ń ṣàn wọ adágún Winnipeg. Kí wọ́n tó dé, ìgbóná ti jà níbẹ̀. Láàárín 1780 sí 1782, àrùn yẹn pa àwọn Cree àti àwọn Assiniboine lọ bẹẹrẹ. Odò Netley fúnra rẹ̀, Odò Ikú ni wọ́n ń pè é. Àwọn Cree tí ó kù àti àwọn Ojibway tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń gbọ́ èdè ara wọn. Nítorí ẹ̀ ni ó fi ṣòro títí di òní láti ya Ojibway kúrò lára Cree nínú ìdílé kan ní Peguis. Kookum ní ìyá bàbá àwọn ń fi Cree bá àwọn wí, ìyá ìyá àwọn sì ń fi Ojibway bá àwọn ṣeré.

Ènìyàn kúkúrú, alágbára ni Peguis. Níbi ìjà kan ní nǹkan bí 1802 ni wọ́n ti gé imú rẹ̀ jẹ, àwọn òyìnbó sì ń pè é ní olóyè tí imú rẹ̀ gé. Ní 1812, àwọn àlejò kan dé láti Scotland àti Ireland. Ọlọ́lá kan tí wọ́n ń pè ní Lord Selkirk ló kó wọn wá, ó fẹ́ kí wọ́n máa dáko lẹ́bàá Odò Pupa. Òtútù dé bá wọn láìsí oúnjẹ, láìsí ilé gidi. Àwọn ènìyàn Peguis ló mú wọn gba ọ̀nà gúúsù lọ sí Pembina, wọ́n fi ibi tí ẹfọ̀n wà hàn wọ́n, wọ́n gbé àwọn ọmọ wọn sórí ẹṣin. Àwọn kan tó dé lẹ́yìn náà láti Kildonan ní Scotland, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ló lé wọn kúrò lóko baba wọn kí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà sin àgùntàn. Mo tún ìyẹn kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ ló wá tọrọ ilẹ̀, ẹni tó gbà á sílé ni wọ́n sì máa wá lé kúrò lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1816, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Seven Oaks láàárín àwọn Métis, ìran tí àwọn òyìnbó àti àwọn onílẹ̀ jọ bí, àti àwọn ènìyàn Selkirk. Gómìnà wọn, Robert Semple, kú síbẹ̀ pẹ̀lú ogún ènìyàn nínú àwọn tirẹ̀. Peguis àti àwọn ará rẹ̀ ló lọ kó òkú jọ, tí wọ́n sin wọ́n. Seven Oaks kò jìnnà rárá sí ibi tí mo ti ń ra búrẹ́dì.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni Selkirk fúnra rẹ̀ dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje 1817, olóyè márùn-ún fi ọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú rẹ̀, Peguis wà nínú wọn. Wọn ò kọ orúkọ. Kálukú ya àwòrán ẹranko ìran rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ lórí àwòrán odò. Yàtọ̀ sí àyíká ibi mẹ́ta tí ó ti dé máìlì mẹ́fà, ilẹ̀ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju máìlì méjì lọ láti etí odò sókè. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ títí di òní ni pé ibi tí ojú ènìyàn bá lè ríran dé lábẹ́ ikùn ẹṣin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kí ni Selkirk yóò san? Tábà. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tábà dáadáa fún àwọn Saulteaux, ọgọ́rùn-ún fún àwọn Cree, lọ́dọọdún, kó tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Ibo ni wọn yóò ti máa san ti àwọn Saulteaux? Ní ojú ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ní The Forks, níbi tí mo ti rí Kookum tí wọ́n gba dọ́là márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí tábà yìí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ sọ sí. Lójú àwọn Ojibway àti Cree, tábà kì í ṣe ohun tí a kàn ń fà símú. Bí ènìyàn bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tábà ni yóò kọ́kọ́ gbé fún un, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń gbé obì. Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi tàbí já ewé, wọn á fi tábà díẹ̀ lélẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé tábà wá fún olóyè lọ́dọọdún, ohun tó ń wí yé gbogbo ènìyàn: mo wà lórí ilẹ̀ yín, mo dúpẹ́, mo sì tún ń tọrọ. Kò sí ẹni tí í fi obì ra ilẹ̀. Ìwé òyìnbó náà pàápàá kò pè é ní owó tí wọ́n fi ra ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò jìnnà sí ìṣákọ́lẹ̀ wa, owó tí ẹni tó ń lo ilẹ̀ ń san lọ́dọọdún.

Peguis kò sì dákẹ́. Nígbà tí àwọn àtọmọdọ́mọ àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé àwọn ló ni ilẹ̀, ó ránṣẹ́ sí àwọn aláàánú ní London ní 1857, ó sì sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Nor'Wester ní 1860, pé àwọn kò ta ilẹ̀ náà rí, pé wọn kò tíì jókòó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti di arúgbó nígbà yẹn. Ó ṣì mọ ohun tí òun sọ ní 1817.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí orí mi wú nígbà tí mo dé e. Àwọn míṣọ́nnárì tó lọ bá Peguis, CMS ni wọ́n, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. CMS tó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. William Cockran ló kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ sáàárín àwọn Ojibway àti Cree lẹ́bàá Odò Pupa, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní St. Peter's. St. Peter's náà ni ti Aké, níbi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó àwọn òbí mi. Ní 1843 ni CMS fi Àjàyí Crowther joyè àlùfáà. Ní 1850 ni wọ́n fi Henry Budd, ọmọ Cree, jẹ díákónì, òun sì ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní àríwá Amẹ́ríkà. Ilé kan náà ní London ni àwọn tó ń ka ìwé tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ti ń ka èyí tó ń bọ̀ láti Odò Pupa. Peguis ṣèrìbọmi, ó jọ̀wọ́ àwọn ìyàwó rẹ̀, ó mú ẹyọ kan. William King ni wọ́n sọ ọ́. Nítorí pé baba jẹ́ Ọba, àwọn ọmọ rẹ̀ wá ń jẹ́ Prince, ọmọ ọba. Ó kú ní 1864, wọ́n sì sin ín sí ọgbà St. Peter's.

Henry Prince, ọmọ rẹ̀, ló wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1871, ní Lower Fort Garry, nígbà tí ìjọba Kánádà tuntun bá àwọn Ojibway àti Cree ṣe àdéhùn kìíní nínú àwọn àdéhùn tí wọ́n fi nọ́ńbà pè. Ọdún mẹ́wàá ó dín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn ni Dosunmu fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nínú àdéhùn kìíní yìí, ilẹ̀ tí ìjọba yóò yà sọ́tọ̀ fún wọn jẹ́ 160 éékà fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òfin jáde pé òyìnbó kan ṣoṣo tó bá wá dáko lè gba 160 éékà fún ara rẹ̀. Owó ọdọọdún jẹ́ dọ́là mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn olóyè fara ya pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi ẹnu ṣèlérí ni wọ́n kọ sínú ìwé, ni ìjọba bá fi dọ́là méjì kún un ní 1875. Láti 1875 títí di òní, márùn-ún ló wà.

St. Peter's di ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ wọn. Ilẹ̀ tó dára ni, tó tó nǹkan bí 48,000 éékà, tó na etí Odò Pupa lọ, tí ìlú Selkirk wà ní ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń gbin pòtétò àti ọkà, wọ́n ń sin màlúù, wọ́n ń pẹja. Ẹja odò yẹn pọ̀ débi pé títí di òní, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá dẹ ẹja àrọ̀ ní Selkirk, àrọ̀ tó tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta. Gbogbo ohun tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè gbé bí ènìyàn, wọ́n ṣe é. Ohun tó fa wàhálà ni pé ilẹ̀ náà dára jù. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ tà ní Selkirk àti Winnipeg ń wò ó.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1907, ìjọba pe ìpàdé, ọjọ́ kan péré ṣáájú ni wọ́n kéde rẹ̀. Frank Pedley, ọ̀gá àgbà láti Ottawa, gbé àpò owó wá, 5,000 dọ́là ló wà nínú rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá gbà láti jọ̀wọ́ ilẹ̀ wọn, òun yóò pín in fún wọn níbẹ̀ kí òun tó lọ; bí wọn kò bá gbà, òun yóò gbé owó òun padà. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Yàrá náà kò gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ dúró síta, wọ́n ń tẹ́tí lójú fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ ìdajì. Ọ̀rọ̀ ń lọ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Cree àti Ojibway. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí àwọn tó gbà bọ́ sí apá kan, kí àwọn tó kọ̀ bọ́ sí apá kejì. Ẹ̀rí tí àwọn kan jẹ́ lẹ́yìn náà ni pé ohun tí wọ́n ké sí wọn kì í ṣe "ẹni tó bá fẹ́ jọ̀wọ́ ilẹ̀", ohun tí wọ́n gbọ́ ni "ẹni tó bá fẹ́ àádọ́rùn-ún dọ́là, kó bọ́ síhìn-ín." Wọ́n kà wọ́n. 107 gbà, 98 kọ̀.

Ènìyàn mẹ́sàn-án. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó dúró lójú fèrèsé.

Olóyè wọn, William Prince, ni wọ́n ṣèlérí 180 éékà fún, 120 fún ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù, éékà 16 fún orí kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ fi ra èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn éékà 16 náà lọ́wọ́ wọn. Ìyókù ni ìjọba tà ní gbàǹjo. Ariwo pọ̀ débi pé wọ́n yan ìgbìmọ̀ adájọ́ mẹ́ta láti wádìí rẹ̀ ní 1911. Méjì nínú mẹ́ta sọ pé ìjọ̀wọ́ ilẹ̀ náà kò bófin mu. Ẹ lè rò pé wọ́n dá ilẹ̀ padà. Rárá o. Ní 1916, ilé aṣòfin ṣe òfin tó sọ ohun tí wọ́n ti tà di títà: kí ẹni tó ra ilẹ̀ san dọ́là kan sí i lórí éékà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí àríwá, sí ibi tí ìjọba yàn lẹ́bàá odò Fisher, nínú igbó àti àbàtà. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ wọ̀ gba orí adágún Winnipeg, wọ́n di ẹrù ilé, wọ́n kó màlúù. Kookum ní ìyá àwọn máa ń sọ ohun tí ìyá tirẹ̀ sọ fún un: pé nígbà tí wọ́n débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni kí wọ́n wá ibi tí ẹsẹ̀ kò ní rì. Àwọn mìíràn kọ̀, wọn ò lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àríwá ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní Peguis báyìí.

Ní àkókò kan náà, lókè òkun lọ́hùn-ún, ẹjọ́ kan ń lọ ní Èkó. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àpápá. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ní ilẹ̀ àwọn ni. Ìjọba ní ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni ó ń gbà lórí rẹ̀, pé nítorí náà ìṣákọ́lẹ̀ yẹn nìkan ni àwọn yóò san owó rẹ̀ fún un. Òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí London, wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ tó ga jù. Ní 1921, Lord Haldane dá a láre: olúwa ilẹ̀ ni olúwa ilẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kàn ń gba ẹ̀bùn. Nínú ìdájọ́ yẹn, Haldane mẹ́nu ba ẹjọ́ kan láti Kánádà, tó dá lórí ilẹ̀ àwọn Ojibway, ọmọ ìyá àwọn ará Peguis. Ní 1973, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà gbọ́ ẹjọ́ Calder, tó yí ojú tí òfin fi ń wo ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ padà, ẹjọ́ Amodu Tijani wà lára ohun tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ wọn ró. Ẹjọ́ ilẹ̀ Ojibway ràn wá lọ́wọ́ ní Àpápá, tàbí kí n kúkú sọ pé ó wà nínú ìwé tó ràn wá lọ́wọ́. Ẹjọ́ Àpápá sì kọjá sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo sọ èyí fún Kookum, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ Olúwa sí ìwé fún àwọn, pé àwọn fẹ́ kà á fún ọmọ ọmọ àwọn.

Ní 1998 ni ìjọba Kánádà gbà pé ìjọ̀wọ́ ilẹ̀ 1907 kò bófin mu. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ní 2009, àwọn ará Peguis dìbò gba 126 mílíọ̀nù dọ́là lórí St. Peter's. Àdéhùn mìíràn ti wà lọ́dún tó ṣáájú, lórí ilẹ̀ tí wọn kò pín fún wọn tó láti 1871: ó lé ní 166,000 éékà tí wọ́n lè gbà tàbí rà. Mi ò fojú kéré é. Àwọn tó jà á jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sin òbí wọn nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí odò St. Peter's kò padà. Ilé àwọn ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀.

Àbàtà náà kò sì yéé jẹ́ àbàtà. Odò Fisher kún ní 2009, 2011, 2014. Ní oṣù karùn-ún 2022, ó kún ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ju 1,500 ènìyàn lọ tó sá kúrò nílé, tí wọ́n wá ń gbé òtẹ́ẹ̀lì ní Winnipeg, àwọn kan ju ọdún kan lọ. Àbúrò Kookum kan wà nínú wọn. Mo gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ fún un nígbà méjì. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì méjì, ọmọ mẹ́ta, kò sí ibi ìdáná. Fọ́tò ìyá rẹ̀ tó rí yọ nínú omi ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, àwọ̀ ti yọ́ mọ́ra, ojú ìyá náà ṣì hàn. Winnipeg fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rù omi bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárín 1962 sí 1968, wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá gba ẹ̀yìn ìlú, kí omi Odò Pupa lè yà sí i bí ó bá kún. Mo gbà pé ó tọ́ kí wọ́n dáàbò bo ìlú ńlá. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí àwọn tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sínú àbàtà máa bẹ̀bẹ̀ fún irú ààbò bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé Peguis lónìí ju 10,000 lọ, ìdá mẹ́ta wọn tàbí bẹ́ẹ̀ ló ń gbé nílé. Ìyókù wà káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Winnipeg. Ní 2022 kan náà, ní oṣù kejìlá, ibi tí bárékè ológun wà tẹ́lẹ̀ láàárín ìlú di ilẹ̀ àwọn ìlú méje tí wọ́n ṣe àdéhùn kìíní, Peguis jẹ́ ọ̀kan. Naawi-Oodena ni wọ́n sọ ọ́. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilẹ̀ ṣófo ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì jẹ́, ẹ̀rọ ńlá ń wú u. Mo dẹ ọkọ̀ mi lọ́wọ́.

Ní ìgbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án tó kọjá, Kookum ní kí n gbé àwọn lọ sí St. Peter's. Ó tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láti Winnipeg. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta náà ṣì wà létí odò, òrùlé rẹ̀ ga, fèrèsé rẹ̀ tóóró. Prince, Prince, Prince ni orúkọ tó pọ̀ lára òkúta ibojì. Ewé ti ń pọ́n. Ẹyẹ òfú ńlá, funfun, ń lọ lókè odò, wọ́n ń padà sí gúúsù kí òtútù tó dé.

A dé ibi tí wọ́n sin Peguis sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò mọ ohun mìíràn tí ó yẹ kí n ṣe. Kookum kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣí pọ́ọ̀sì kékeré yẹn, mo rí dọ́là márùn-ún tí wọ́n ká sí mẹ́rin níbẹ̀, ó ṣì wà bó ṣe wà. Àpò awọ kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bu tábà díẹ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ òsì, nítorí pé ọwọ́ òsì ló sún mọ́ ọkàn jù, wọ́n tẹríba, wọ́n fi í lélẹ̀ lẹ́bàá òkúta náà. Lẹ́yìn náà wọ́n na àpò náà sí mi.

"Ìwọ náà," wọ́n ní. "Orí ilẹ̀ rẹ̀ lò ń gbé."

Mo bu díẹ̀. Mo fi lélẹ̀.